Asẹ́ Ti Ìlú Ni, Kì Í Ṣe Ti Ilé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ láì fi epo bọ iyọ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ ẹja ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san owó sì ni pẹ̀lú. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan, tí orúkọ A. O. Adeogun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú nínú wọn, tẹ ìwádìí méjì jáde lórí ẹja epìyà. Wọ́n mú ẹja ti àkọ́kọ́ láti inú ìsédò Awba, èyí tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì náà gan-an. Wọ́n mú ti èkejì láti inú adágún Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí a sé odò Ọ̀nà mọ́ ní 1942 kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Nínú omi méjèèjì ni wọ́n ti rí ẹja tí ẹ̀yà ìbímọ akọ àti ti abo pa pọ̀ sí lára ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹja náà kò jẹ́ akọ délẹ̀, kò sì jẹ́ abo délẹ̀. Wọ́n so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwọn ìdọ̀tí inú omi tí ń da iṣẹ́ họ́mọ̀nù rú.

Láti ìgbà tí mo ti ń sọ èyí láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi, èsì mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan a ní ẹ̀bi àwọn obìnrin tí ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni. Àwọn mìíràn a ní ìṣòro òyìnbó ni, pé ẹni tí ẹ̀rù onígbáméjì kò jẹ́ kí ó sùn kò ráyè àtimáa ronú lórí akọ àti abo ẹja. Àwọn ẹ̀kẹta, àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ díẹ̀, a rẹ́rìn-ín, wọn a ní àwọn ti ra ẹ̀rọ asẹ́ sí ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn mọ́. Mo fẹ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kẹta ni mo bá ní ẹjọ́ jù lọ, nítorí àwọn ni wọ́n rò pé àwọn ti rí ìwòsàn. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: asẹ́ tí yóò gbà wá lọ́wọ́ ìdọ̀tí yìí, ti ìlú ni, kì í ṣe ti ilé. Ibi tí omi ẹ̀gbin ti ń wọ odò ni ó yẹ kí a gbé e sí, kì í ṣe ibi tí olówó ti ń bu omi mu.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń pè ní họ́mọ̀nù. Ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ara ni ó ń rán an láti ẹ̀yà kan sí èkejì, pé kí irùngbọ̀n hù, kí ọmú yọ, kí ẹyin gbó, kí oyún dúró. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ tóbi, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré bí ohun tí kò sí. Olórí nínú àwọn ti abo ni èyí tí a ń pè ní estradiol. Gbogbo ènìyàn ni ó ní i lára, lọ́kùnrin lóbìnrin. Màlúù àti ewúrẹ́ pẹ̀lú ní i. Bí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, a bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, ibi tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bá sì gbà ni òun náà ń gbà. Ẹ sì wo ohun tí ó le níbẹ̀: estradiol ti ẹja kò yàtọ̀ sí ti ènìyàn rárá. Ìránṣẹ́ kan náà ni, èdè kan náà ni ó ń sọ. Bí ìránṣẹ́ tí ó ti ilé wa jáde bá kan ilẹ̀kùn ẹja nínú odò, ẹja yóò ṣí i fún un, yóò sì ṣe iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò rán an.

Àwọn ohun mìíràn wà tí kì í ṣe họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sín in jẹ tàbí tí wọ́n ń dí i lọ́nà. Nonylphenol jẹ́ ọ̀kan, ó máa ń ti ara àwọn èròjà ọṣẹ kan wá. Phthalate jẹ́ òmíràn, òun ni wọ́n máa ń fi sínú ike kí ó lè rọ̀. Ní 2015, Adeogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé phthalate wà nínú ara ẹja inú àwọn adágún tí Ìbàdàn ti ń rí omi mu. Ike tí a dà sí gọ́tà ní Mọ́kọ́lá kò dúró sí Mọ́kọ́lá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíkéré nǹkan wọ̀nyí tàn yín. Ní 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi estradiol sínú ìwé àwọn ohun tí a ní láti máa ṣọ́ nínú omi mímu, wọ́n sì fi ààlà rẹ̀ sí nánógíráàmù 1 nínú lítà 1. Kí èyí lè yé wa, ẹ fojú inú wo táńkà omi 100,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba lítà 10,000. Bí a bá pín gíráàmù kan ṣoṣo, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì, sí gbogbo wọn, a ti dé ààlà náà.

Ṣé ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan? Àwọn ará Kánádà ti dán an wò. Adágún kan wà ní ìpínlẹ̀ Ontario, Adágún 260 ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti ya òun àti àwọn adágún mìíràn ní àyíká rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Láti 2001 dé 2003, Karen Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń da ethinylestradiol sínú rẹ̀ nígbà ooru, títí ó fi tó nánógíráàmù 5 sí 6 nínú lítà. Họ́mọ̀nù àtọwọ́dá ni, èyí tí ó wà nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Àwọn akọ ẹja kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní fathead minnow, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà tí abo fi ń ṣe ẹyin, ìran ẹja náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán nínú adágún náà. Ní 2007 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ: nígbà tí wọ́n dáwọ́ dídà á dúró, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹja náà tún pọ̀ padà. Omi mọ ọ̀nà àtiwo ara rẹ̀ sàn, bí a bá ṣáà ti yé e fún un ní májèlé jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Wàyí o, mo dárúkọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń nàka sí àwọn obìnrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká ìka yín kò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Láàrin 1990 sí 1999, John Sumpter àti Susan Jobling ti Yunifásítì Brunel, pẹ̀lú àwọn mìíràn, fi hàn pé akọ ẹja roach ń ní ẹyin nínú ní ọ̀pọ̀ odò tí omi láti ibi ìtọ́jú ẹ̀gbin ń ṣàn wọ̀. Nígbà tí wọ́n sì tú omi náà wò, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998, họ́mọ̀nù tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti oògùn. Estradiol àti estrone ni, àwọn tí ara ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀. Ti oògùn wà níbẹ̀, ó sì lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó kéré sí wọn. Aboyún tí oṣù rẹ̀ ti sún mọ́ ń tọ irú họ́mọ̀nù yìí jáde lójoojúmọ́ ní ìlọ́po ìlọ́po ohun tí ó wà nínú hóró oògùn kan. Ǹjẹ́ a ó ha ní kí àwọn aboyún má tọ̀ mọ́ bí? Ẹni tí ó bá ní obìnrin ni ó ba odò jẹ́, kí ó kọ́kọ́ wí fún wa ibi tí ìtọ̀ ti òun alára ń gbà. Gbogbo wa ni a jọ ń dà á síbẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó kì í ṣe ara obìnrin, bí kò ṣe ìlú tí kò ṣe ètò ibi tí omi ẹ̀gbin yóò gbà.

Àwọn ẹ̀kejì ni wọ́n ní ìṣòro òyìnbó ni. Èmi gbà pé onígbáméjì lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ kan, họ́mọ̀nù kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi dandan lé e pé kí n yan ọ̀kan, onígbáméjì ni n ó kọ́kọ́ lé jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a yan? Ẹ̀gbin kan náà tí ó gbé kòkòrò onígbáméjì lọ sí odò ni ó gbé họ́mọ̀nù lọ. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní ọ̀nà omi ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ tí ó kárí ìlú. Sálángá ni, sókàwéè ni, gọ́tà ni. Bí òjò bá sì dé, a bá wa kó ìyókù lọ sí odò. Bí a bá kọ́ ibi ìtọ́jú ẹ̀gbin tí ó péye, níbi tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà kí àwọn kòkòrò tí ó wúlò lè máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn yóò jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú estradiol pẹ̀lú. Ti oògùn àtọwọ́dá ni ó máa ń ṣorí kunkun. Nítorí náà iṣẹ́ kan náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn àrùn méjèèjì, ẹni tí ó bá sì ń fi onígbáméjì ṣe àwáwí pé kí a má ṣe nǹkan kan, ó dà bí ọ̀bùn tí ó rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Kò wẹ̀ nígbà tí ọkọ wà láàyè. Ikú dé tán, ó rí ohun tí yóò máa wí. Ẹja Ẹlẹ́yẹlé kì í sì í ṣe òyìnbó.

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀kẹta, àwọn ẹlẹ́rọ asẹ́. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu asẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ní nǹkan bí 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ṣe awọ tín-ín-rín kan tí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá kí iyọ̀ sì dúró sẹ́yìn, bí a bá fi agbára tì í. Láti ara irú awọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú etí òkun ti ń sọ omi òkun di omi mímu lónìí. Ọmọ kékeré inú ìdílé náà ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń gbé kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹjọ́ mi wà lórí ohun tí wọ́n ń sọ pé ó lè ṣe.

Èkíní ni pé asẹ́ yàtọ̀ sí asẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń ta gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi họ́mọ̀nù wé hóró àgbàdo kan. Bí hóró àgbàdo bá jẹ́ họ́mọ̀nù, kòkòrò onígbáméjì yóò tóbi tó ilé. Ihò asẹ́ tí ó tó láti dá kòkòrò náà dúró, irú èyí tí wọ́n ń pè ní microfiltration, yóò fẹ̀ tó mítà kan. Ti ultrafiltration, tí ó kéré sí i, yóò fẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ta ni yóò fi irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ̀ àgbàdo? Ó di orí nanofiltration, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju hóró àgbàdo náà, àti reverse osmosis, tí ó há ju gbogbo wọn lọ, kí họ́mọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdènà. Nítorí náà bí a bá kọ ọ́ sí ara ike tàbí sí ara omi inú ọ̀rá pé a ti sẹ́ ẹ, ẹ béèrè irú asẹ́ tí a fi sẹ́ ẹ. Omi tí ó mọ́ gaara lójú, tí kò sì ní kòkòrò kankan nínú, lè gbé họ́mọ̀nù tirẹ̀ pé pérépéré.

Èkejì ni pé awọ tuntun máa ń tan ènìyàn. Ẹ mọ ìkòkò amọ̀ tuntun: bí a bá kọ́kọ́ pọn omi sí i, yóò mu nínú omi náà, ó dìgbà tí ó bá mu yó kí ó tó sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni awọ yìí ṣe ń ṣe sí họ́mọ̀nù. Ní 2004, Long Nghiem, Andrea Schäfer àti Menachem Elimelech tẹ̀ ẹ́ jáde pé họ́mọ̀nù máa ń lẹ̀ mọ́ ara awọ nanofiltration ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn yóò fi rò pé ó ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí awọ náà bá ti mu yó, họ́mọ̀nù a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, a sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń mu omi. Ẹni tí ó bá dán ẹ̀rọ wò ní ọjọ́ tí ó rà á nìkan, ìkòkò tuntun ni ó dán wò.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta ẹ̀rọ yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó fi tíì sínú omi, ó sẹ́ ẹ, omi náà funfun nini, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Mo bi í léèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, èyí tí ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a mu, ibo ni ó ń gbà?” Ó tọ́ka sí rọ́bà tín-ín-rín kan tí ó ti abẹ́ ẹ̀rọ jáde, ó ní, “Inú gọ́tà ni, bọ̀dá mi. Kò ní dí yín lọ́wọ́ rárá.” Òtítọ́ ni ó sọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀rọ ilé bẹ́ẹ̀ lè da lítà mẹ́ta omi nù, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó fún wa ní lítà kan tí a ó mu. Ohun tí ó yọ kúrò nínú lítà kan yẹn wà nínú mẹ́ta tí ó dànù, mẹ́ta tí ó dànù ń lọ sí gọ́tà, gọ́tà ń lọ sí odò.

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé asẹ́ kì í pa èérí run, ó kàn ń yà á sọ́tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èérí ògì ní ẹni tí ń jẹ ẹ́: ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́, a kì í sì í dà á padà sínú ìkòkò tí aládùúgbò ti ń bu ògì. Ta ni yóò jẹ èérí omi yìí? Ẹja ni yóò jẹ ẹ́, àti ẹni tí ó ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò, tí kò ní owó ẹ̀rọ. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Olówó tí ó ń mu omi mímọ́ ní òkè ṣì ń jẹ ẹja tí ó wá láti ìsàlẹ̀.

Kí a sì má ṣe gbàgbé pé a ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò yọ déédéé mọ́, olúkúlùkù gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí iná mànàmáná kò dúró, olúkúlùkù ra jẹnẹrétọ̀. Ṣé omi ẹ̀rọ tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ? Ṣé iná tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró? Rárá o. Àwọn tí ohùn wọn lè dé etí ìjọba ti rí tiwọn gbọ́, wọ́n sì dákẹ́. Bí a bá jẹ́ kí asẹ́ ilé ṣe bákan náà fún wa, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa pariwo nípa odò ni yóò kọ́kọ́ sun oorun àsùnwọra. Ibi tí ẹ̀rọ ilé ti ń pa wá lára jù nìyẹn.

Ẹnìkan lè wí pé asẹ́ ìlú náà kò ní ṣe aláìní èérí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní i. Ṣùgbọ́n èérí tí ó wà ní ojú kan ṣeé tọ́jú, èyí tí ó fọ́n ká sí ẹgbàágbèje gọ́tà kò ṣeé tọ́jú. Ẹ wo ohun tí Switzerland ṣe. Láti 2016 ni òfin wọn ti pa á láṣẹ pé kí àwọn ibi ìtọ́jú ẹ̀gbin tí ó ṣe pàtàkì jù fi ìpele kan kún iṣẹ́ wọn, kí ó lè mú ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdọ̀tí tín-ín-rín kúrò. Asẹ́ tí ó há kọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ó ń gba agbára púpọ̀, ó sì ń fi èérí sílẹ̀. Èédú àkànṣe tí ihò kún inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ósóònù ni wọ́n ń lò. Ósóònù ń fọ́ họ́mọ̀nù sí wẹ́wẹ́; èédú ń fà á mọ́ra, bí a bá sì sun èédú náà, họ́mọ̀nù a bá a jóná. Owó tí wọ́n ń gbà láti fi ṣe é kò ju fàránkì 9 lórí ènìyàn kan lọ́dún.

Kì í sì í ṣe pé ọgbọ́n asẹ́ ti parí. Schäfer tí mo dárúkọ lókè, tí ó wà ní Karlsruhe ní Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2022 lórí awọ tí wọ́n fi titanium dioxide bò, ohun funfun kan náà tí ó wà nínú ọ̀dà tí a fi ń kun ilé. Bí omi ti ń gba inú awọ náà kọjá, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń tàn sí i, họ́mọ̀nù ń fọ́ túútúú níbẹ̀. Èyí jẹ́ asẹ́ tí ń pa èérí. Iṣẹ́ ilé ìdánwò ni, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ó yẹ kí a kọjú sí hàn wá.

Bí ẹ bá sì ní Yúróòpù jìnnà, ẹ wo Windhoek ní Nàmíbíà. Láti 1968 ni ìlú náà, tí ọ̀dá omi ń bá jà, ti ń tọ́jú omi ẹ̀gbin títí ó fi di omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ní 2002 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun fún un, pẹ̀lú ósóònù, èédú àti asẹ́ ultrafiltration, gbogbo wọn léra wọn lẹ́yìn, kí ohun tí ọ̀kan bá jẹ́ kí ó kọjá lè bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọlọ́rọ̀ àti tálákà ibẹ̀ ń mu nínú omi kan náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń ṣọ́ ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ta ni yóò san án? Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kí àwọn tí ń ṣe oògùn àti àwọn tí ń ṣe ohun ìṣaralóge san ó kéré tán ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ìpele tí ó kẹ́yìn yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn gbé òfin náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2025. Ó yé mi ìdí tí ó fi dùn wọ́n. Ẹni tí ó ti ń jẹ èrè tipẹ́, tí ìlú sì ń bá a gbá ilẹ̀, kì í fẹ́ kí a fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà tọ́. Ẹni tí ó bá jẹ èrè ọjà ni kí ó bá wa ru ẹrù ìdọ̀tí ọjà náà, ní Yúróòpù àti ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Kí ni mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí? Ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2007 kò dárúkọ họ́mọ̀nù kankan. Kí àwọn olùkọ́ wa, tí ìjọba máa ń pè sí ìgbìmọ̀, sọ fún wọn pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ estradiol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Aṣéjìrẹ́ àti ní àwọn odò tí Èkó ń mu. Ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò lè lé e. Kí ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ àti ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ń kọ́ láti òní lọ má ṣe rí àṣẹ gbà àfi bí wọ́n bá fi ibi tí omi ẹ̀gbin wọn yóò gbà hàn. Kí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì àti àwọn ẹnjiníà wa gbájú mọ́ èédú. Èèpo èkùrọ́ àti èèpo àgbọn ni a fi ń ṣe ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù, èèpo méjèèjì sì ń bẹ nílẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì yé e da ìyókù oògùn sínú ṣáláńgá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí ìwọ̀nba díẹ̀ ṣe ní Adágún 260.

Ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀rọ, mi ò ní kí ó fọ́ ọ. Kí ó máa mu omi rẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní ìwòsàn, kí ó sì má ṣe tìtorí rẹ̀ panu mọ́ nígbà tí a bá pe ìpàdé lórí odò. Omi rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó ti da tirẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí a bá gbé asẹ́ kúrò ní ilé ìdáná, tí a gbé e lọ sí ibi tí ẹ̀gbin ìlú ti ń wọ odò, ọjọ́ náà ni ẹja Ẹlẹ́yẹlé yóò tó mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.